Òkúta Funfun Inú Ẹ̀rọ Bàbá Kékeré

Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀, ní agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìrọ̀lẹ́. Aago ara ògiri ibùdókọ̀ ojú irin sọ pé agogo mọ́kànlá ni, ṣùgbọ́n aago yẹn ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí náà n kò gba ẹ̀rí rẹ̀ wọlé. Aago ọwọ́ mi ni mo tẹ̀ lé. Ọ̀gá ibùdókọ̀ sọ fún mi pé ọkọ̀ dé ní àsìkò. Àárọ̀ ló yẹ kó dé. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, n kò sì bá a jiyàn, nítorí pé ní ọdún Ìyípadà, bí àwọn ológun tó ń ṣàkóso ilẹ̀ Benin ṣe ń pe ìjọba wọn, ohun tó bá dé ti dé ní àsìkò.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì nígbà náà. Jeográfì ni mo kà. Mo padà sí Ìdáàṣà, ìlú tí àkọlé ibùdókọ̀ ń pè ní Dassa-Zoumè, mo ń gbé lọ́dọ̀ ìyá mi ní ilé bàbá mi tó ti kú, mo ń dúró de ibi tí ìjọba yóò rán mi sí. Àsìkò náà ni Nàìjíríà ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé máa lọ sílé wọn. Àwọn ará wa ń padà dé. Ẹnì kan gbé bẹ́ẹ̀dì irin sọ̀ kalẹ̀, ẹnì kan gbé ẹ̀rọ ìránṣọ. Wọ́n ní ẹnì kan gbé rédíò tó tóbi ju ìyàwó rẹ̀ lọ. Èyí n kò rí. Mo rí rédíò náà, n kò rí ìyàwó.

Àbúrò bàbá mi, tí mo ń pè ní Bàbá Kékeré, wà lára àwọn tó dé lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Ó ti pẹ́ ní Èkó, níbi tí ó ti ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ olówó máa ń wá bá ṣeré. Nígbà tí wọ́n ti ibẹ̀ pa, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà ló gbà dípò owó iṣẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ó ga tó ènìyàn, ó rí bíi kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní dígí bíi ti tẹlifísọ̀n lójú, siaríǹgì ọkọ̀ sì wà láyà rẹ̀. Àwọn tó ń ti mọ́sáláṣí bọ̀ dúró, wọ́n ń wò ó.

Ìyá mi ni ó kọ́kọ́ kí i. Gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé, "ọkọ mi" ni ó ń pè é, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn kò dí i lọ́wọ́ láti fi í ṣẹ̀sín.

"Ọkọ mi, ẹ kú àbọ̀. Òkú lẹ gbé wá ni, àbí kọ́bọ́ọ̀dù?"

"Ìyàwó wa, ọ̀nà ni mo gbé wá."

"Ọ̀nà. Ìdáàṣà ò lọ́nà tẹ́lẹ̀ nìyẹn."

"Ó lọ́nà. Ohun tí yóò gba orí rẹ̀ kọjá ni kò ní."

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ náà ní kí wọ́n jọ̀wọ́ parí ọ̀rọ̀ nílé, nítorí pé èjìká òun kì í ṣe ibùdókọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ náà, Bàbá Kékeré gbé àpò ìrìnàjò rẹ̀, àpò náílọ́ọ̀nù ńlá onílà búlúù àti pupa, sí ẹnu ọ̀nà. Kò tú u.

"Àlejò ló ń fi ẹrù sẹ́nu ọ̀nà," ni ìyá mi wí.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ilé gbà mí. Ọwọ́ mi ò mọ ọkọ́ mọ́. Àpótí yẹn nìkan niṣẹ́ mi. Bí ó bá dúró, mo dúró. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ mi, mo tún di ará Èkó, ọlọ́pàá ibodè ò sì ní í lé mi tó bí ẹ ṣe rò."

Láti ọjọ́ náà lọ, bí mo bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń lọ fún un, àpò yẹn ni mo ń wò.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa irú ẹ̀rọ eré ìje ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kí n sì ya ohun tí mo rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí mo gbọ́. Bàbá Kékeré sọ fún mi pé àwọn àkọ́kọ́ tí ó bá ní Èkó kò ní àwòrán iná rárá. Wọ́n kun ọ̀nà sára awọ gígùn kan tí ń yí lẹ́yìn dígí, wọ́n sì so ọkọ̀ kékeré kan mọ́ wáyà níwájú rẹ̀. Èmi kò rí èyí. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ fún mi nígbà tí inú ń bí i, ó tún sọ ọ́ nígbà tí inú rẹ̀ dùn, ìró kan náà ló sì ní awọ náà ń dún ní ìgbà méjèèjì. Nítorí náà mo gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn ni irú tirẹ̀ dé. Àwọn tó ṣe é kò lè ya igi, wọn kò lè ya ilé tàbí ojú ọ̀run, ni wọ́n bá sọ pé òru ni. Dígí dúdú, ọ̀pá funfun lápá ọ̀tún, ọ̀pá funfun lápá òsì, wọ́n kéré lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń tóbi bí ọkọ̀ ṣe ń sún mọ́ wọn. Mo ka èyí sí ọgbọ́n tó jinlẹ̀ jùlọ nínú gbogbo ìtàn náà: ohun tí wọn kò lè ṣe, wọ́n ní òkùnkùn ló bò ó. Mo ti rí àwọn aláṣẹ tó lo ọgbọ́n kan náà, ṣùgbọ́n tiwọn kò ní siaríǹgì.

Àwọn tó tún tẹ̀ lé e ní àwọ̀, wọ́n ní òkè, wọ́n ní àwọn ọkọ̀ mìíràn tí ènìyàn lè yà sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni mo fojú ara mi rí ní Kútọnù. Ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ ń tẹ ara rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí ẹni pé ìjókòó ń rìn. Ní gbogbo ibi tí mo gbọ́ nípa rẹ̀, eré yìí ń tẹ̀ síwájú, ó sì ń yára sí i. Ìdáàṣà nìkan ni mo lè jẹ́rìí pé ó ti padà sẹ́yìn.

Ohun tó fà á ni ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Nínú ẹ̀rọ Bàbá Kékeré, ọkọ̀ kò sí nínú àwòrán. Ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n fi ya iwájú ọkọ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ dígí. Ọ̀nà nìkan ló ń sáré lẹ́yìn rẹ̀. Ike náà bọ́ sọnù nínú ọkọ̀ ojú irin. Bàbá Kékeré wá gé òmíràn nínú ìwé àwòrán àtijọ́ kan tí wọ́n fi di ẹja fún ìyá mi. Ó mú èyí tó dára jù níbẹ̀: ọkọ̀ dúdú, gígùn, tó ń dán, tó ní igi àsíá lórí ìyẹ́ iwájú. Ó fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí.

Ṣé ẹ rí i, ní àsìkò kan náà, wọ́n ti ní aláṣẹ ńlá kan láti Kútọnù ń bọ̀ wá gba ìlú wa kọjá lọ sí òkè àríwá. Wọn kò sọ ẹni tí í ṣe. Ní ìlú tiwa, bí aláṣẹ bá ń bọ̀, òkúta la ń kùn. Láti Paouignan, ìlú tó ṣáájú tiwa lójú ọ̀nà Kútọnù, títí wọ ìlú, a to òkúta sí ẹ̀gbẹ́ títì ní apá méjèèjì, a sì fi ẹfun kùn wọ́n. Àwọn ará Soclogbo ń kó òkúta wá, àwọn ará Lèma ń pọn omi. Nítorí pé mo kàwé, wọ́n yàn mí láti máa wò ó bóyá òkúta náà tò tààrà. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ bí òkè ṣe ń di òkúta, bí òkúta ṣe ń di iyẹ̀pẹ̀. Kò sí olùkọ́ tó sọ fún mi bí òkúta ṣe ń di ìránṣẹ́ ìjọba.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn ènìyàn rọ́ dé ṣọ́ọ̀bù tí Bàbá Kékeré háyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta bátìrì àti ìkòkò, tí ó tan jẹnẹrétọ̀ kékeré rẹ̀, tí dígí mọ́lẹ̀, ohun tí wọ́n rí ni ọ̀nà kan tí wọ́n ti kun òkúta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ẹfun, àti ọkọ̀ dúdú gígùn tó ń gba àárín wọn kọjá. Mo ti gbìyànjú láti mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé ọ̀nà Paouignan ni. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, púpọ̀ nínú wọn ló ń jà pé àwọn ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ mọ́.

Alága ìgbìmọ̀ Ìyípadà ní àdúgbò wa la ń pè ní Delegé. Kí Ìyípadà tó dé, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní kàtíkísìmù, ohùn kan náà ló sì ń lò fún iṣẹ́ méjèèjì. Kò burú sí ènìyàn. Ohun kan ṣoṣo tí ó ń bẹ̀rù ni kí ohun kan ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò òun kí àwọn tó jù ú lọ tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Òun àti akọ̀wé àwọn ọ̀dọ́, ọmọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ yá ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, ni wọ́n jọ wọ ṣọ́ọ̀bù wá ní ọ̀sán ọjọ́ kan.

"Ehuzu," ni Delegé wí. Ìkíni Ìyípadà nìyẹn. Ẹni tó bá dáhùn "ẹ káàsán" ń wá ìjàngbọ̀n.

"Dandan," ni gbogbo wa dáhùn. Bàbá Kékeré, tó ti gbàgbé bí a ṣe ń ṣe é, tún dọ̀bálẹ̀ lé e.

"Dìde, kamaráàdì. A ti pa ìyẹn rẹ́."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n."

"Kamaráàdì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

Delegé yọ awò ojú rẹ̀ jáde, ó sún mọ́ dígí. "Ta ló wà nínú ọkọ̀ yìí?"

"Kò sẹ́nì kankan. Ìwé ni mo gé."

"Mo rí i pé ìwé ni. Ta ló wà nínú rẹ̀?"

"Ẹni tó bá ń wà á ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ aláṣẹ, awakọ̀ la ń pè é. Ẹ̀yìn ni aláṣẹ ń jókòó sí." Ó tọ́ka sí àwọn ọ̀pá funfun. "Ta ló kun òkúta wọ̀nyí?"

"Bí wọ́n ṣe ṣe é wá láti òkè òkun nìyẹn."

"Wọ́n mọ̀ ní òkè òkun pé à ń kun òkúta?"

Bàbá Kékeré fi apá ẹ̀wù nu eruku ara dígí.

"Ó dára," ni Delegé wí fún akọ̀wé. "Wọ́n mọ̀."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo wọn ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, mo rí i pé òótọ́ ni, mo sì tún rí i pé kò ní wúlò. Akọ̀wé ti jókòó sídìí ẹ̀rọ ní tirẹ̀, ó ní òun fẹ́ ṣe ìwádìí. Ó ti jíà sí ẹ̀kẹrin, ó tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Òkúta funfun ń sáré wá bá a bí àgùntàn tó rí oko. Ọ̀nà yí sápá òsì, òun kò yí. Dígí funfun báláú, ẹ̀rọ náà dún "gbàgà", ọkọ̀ dúdú sì dúró.

Delegé ṣí fìlà.

Ẹnì kan wí láti ìta pé, "Paouignan náà nìyẹn. Mo sọ fún wọn pé kọ́nà yẹn ò dára." Wọ́n rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n rántí ẹni tó wà nínú ilé, wọ́n sì ṣíwọ́ ẹ̀rín náà ní àárín.

Ìdájọ́ Delegé kò le, ó kàn jẹ́ pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè ṣe é. Ó ní òun kò sọ pé ẹ̀rọ náà ń gbèrò ibi sí aláṣẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá béèrè lọ́wọ́ òun pé kí ni ẹ̀rọ kan tí ń gbé ọkọ̀ aláṣẹ lu òkúta ń ṣe ní àdúgbò òun, òun gbọ́dọ̀ ní èsì. Nítorí náà, ìgbìmọ̀ yóò padà wá kí àbẹ̀wò tó dé. Bí ọkọ̀ náà bá gúnlẹ̀ láìfarapa níṣojú wọn, ẹ̀rọ yóò dúró ní ṣọ́ọ̀bù. Bí kò bá gúnlẹ̀, ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ló ń lọ.

"Kó gúnlẹ̀ síbo?" ni Bàbá Kékeré béèrè.

"Ìwọ lo ni ọ̀nà," ni Delegé dáhùn.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàbá Kékeré tún okùn àpò rẹ̀ so.

Ohun tí mo kọ́kọ́ dá lábàá ni kí a yọ àwòrán ọkọ̀ dúdú náà, kí a fi bọ́ọ̀sì akérò rọ́pò rẹ̀. Mo ka èyí sí ojútùú tó péye, nítorí pé gbogbo ẹ̀sùn náà orí ìwé tí a fi ẹ̀kọ lẹ̀ ló dúró lé. Mo lọ bá Delegé ní ilé rẹ̀, níbi tí kì í ti í ṣe kamaráàdì bí kò ṣe ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀, kò sì ní kí n dìde. Ó gbọ́ mi títí dé òpin.

"O fẹ́ yọ aláṣẹ kúrò nínú ọkọ̀ rẹ̀," ni ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "kí o fi awakọ̀ akérò rọ́pò rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀gbọ́n."

"Ó dára. N kò gbọ́. Kí ìyá rẹ ńkọ́?"

Lẹ́yìn náà ni a wá awakọ̀. Akọ̀wé àwọn ọ̀dọ́ tún gbìyànjú, ó ní siaríǹgì ló ń tàn án. Ọkùnrin kan tó ń wa akérò láti Ìdáàṣà lọ sí Parakú jókòó sídìí rẹ̀, ó bèèrè ibi tí fèrè wà. Bàbá Kékeré ní kò ní fèrè. Ọkùnrin náà ní kò sẹ́ni tó ń wakọ̀ láìní fèrè, ó dìde. Bàbá Kékeré fúnra rẹ̀ ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n bó bá ti kù díẹ̀ kí àsìkò tó pé, yóò rántí Èkó, yóò sì lu òkúta. Èmi jókòó tì wọ́n, mo ń wò. Mo rí ohun méjì. Èkínní, ọ̀nà náà kò ní òpin. Kò sí ìlú kankan níwájú. Ẹ̀rọ kàn ń ka àsìkò ni, bí àsìkò bá tán, dígí á ṣú. Èkejì, n kò tíì rí ẹni tó lo jíà kìíní títí dé òpin, nítorí pé kò sẹ́ni tó jókòó sídìí eré ìje kí ó lè lọ pẹ̀lẹ́.

Mi ò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni tí ìyá mi fi dé. Ó gbé ọbẹ̀ wá fún Bàbá Kékeré, ó rí gbogbo wa tí a kárí sọ.

"Ọkọ mi, ẹ dìde. Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

"Ìyàwó wa, kẹ̀kẹ́ pàápàá ẹ ò gùn rí."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gun gbogbo ẹ̀, ibo lẹ dé?"

Ó jókòó. Kò fọwọ́ kan jíà, nítorí kò mọ ohun tó wà fún; ó wà ní kìíní bẹ́ẹ̀. Ó fi ìka ẹsẹ̀ kan ìtẹ̀ bí ẹni tó ń wò bóyá omi gbóná. Ọkọ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Òkúta àkọ́kọ́ yọ, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," ni ìyá mi wí fún òkúta náà.

Bàbá Kékeré wò mí. Ìyá mi kò wo ẹnì kankan. Ní ìlú wa, ènìyàn kì í gba ẹ̀gbẹ́ ẹni kan kọjá láìkí i. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ pàápàá, bí ó bá pàdé àgbà, yóò sọ̀ kalẹ̀. Ó hàn gbangba pé ìyá mi rí àwọn tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà nínú aṣọ funfun, ó sì ń ṣe ohun tó yẹ. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Ó ń dúró díẹ̀ kí wọ́n lè dáhùn. Nígbà tí ọ̀nà bá yí, ó ti rí i láti ọ̀nà jíjìn, á sì yí pẹ̀lú rẹ̀ bí ẹni tó ru igbá. Àsìkò tán. Dígí ṣú. Kò lu nǹkan kan.

"Ó ti parí?" ni ó béèrè. "Èyí náà lẹ̀ ń tìtorí ẹ̀ bojú jẹ́?"

Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó lọ.

Ní ọjọ́ ìwádìí, ìgbìmọ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ìyá mi jókòó sídìí siaríǹgì pẹ̀lú gèlè tuntun. Bàbá Kékeré mú wáyà kékeré kan, ó ki í bọ ihò kan lára ẹ̀rọ, ó gbá ẹ̀rọ náà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe máa ń jí. Ọkọ̀ dúdú gbéra. Ìyá mi ń kí òkúta, ọkọ̀ ń fà, àwọn ìgbìmọ̀ ń wò bí ìgbà tí wọ́n ń gbé ère jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ìdajì ọ̀nà, Delegé dìde dúró gbọnrangandan, àwọn yòókù wo ojú ara wọn, wọ́n sì dìde pẹ̀lú. Nígbà tí dígí ṣú, ó fa èémí.

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni aláṣẹ ṣe ń kọjá láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀," ni ó wí. "Ó gúnlẹ̀."

"Síbo?" ni akọ̀wé béèrè, ó jọ pé kò mọ̀ pé òun pariwo.

Delegé yí ojú sí i. "Síbi tí Ìyípadà ń lọ."

Akọ̀wé ní òun ti rí i báyìí.

Wọ́n pàṣẹ pé ẹ̀rọ lè dúró ní ṣọ́ọ̀bù, bí ó bá ti jẹ́ pé jíà kìíní nìkan ni wọn yóò máa lò. Báyìí ni ìlú wa ṣe di ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ìje ṣe ìdíje ẹni tí yóò pẹ́ jù. Nọ́ńbà kékeré kan wà lórí dígí tó ń sọ bí ènìyàn ṣe lọ jìnnà tó. Níbòmíràn, ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ ni wọ́n ń yìn. Ní tiwa, ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré ni a ń pàtẹ́wọ́ fún. Akọ̀wé àwọn ọ̀dọ́ ló já fáfá jù: ó lo àsìkò rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan láìtíì dé ibi òkúta àkọ́kọ́, wọ́n sì gbé e lérí. Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Kútọnù gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Èyí n kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé Bàbá Kékeré tú okùn àpò rẹ̀, ó sì mú sálúbàtà kan jáde nínú rẹ̀.

Àbẹ̀wò náà dé. A ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí oòrùn tó yọ, òkúta funfun níwájú wa, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn wa. Delegé ní ọ̀rọ̀ ìkíni tí ó ti kọ́ sórí ní Faransé. Ó ti pín wa sí ọ̀wọ́, ó sì ti sọ fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ìgbà tí yóò juwọ́, nítorí ó ti ṣírò bí ọkọ̀ yóò ṣe máa rìn: ó ti rí i nínú ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn ọ̀sán, eruku yọ ní apá Paouignan. Ọkọ̀ mélòó kan sáré kọjá. N kò lè sọ iye wọn. N kò lè sọ bóyá dúdú ni wọ́n, nítorí pé nígbà tí a ó fi la ojú, àwọ̀ kan náà ni gbogbo wa jẹ́, àwa àti òkúta. Ọ̀wọ́ kejì ṣì ń dúró de ìgbà tí ọ̀wọ́ kìíní yóò juwọ́. Delegé ti sọ pé "Kamaráàdì," ẹnu rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìyá mi nu ojú rẹ̀. "Kò kí ènìyàn," ni ó wí.

Akọ̀wé ló mú ọ̀rọ̀ náà padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní bí aláṣẹ bá ń sáré tó báyìí, tí ẹ̀rọ kan ní Ìdáàṣà sì ń fi í hàn bí ẹni tó ń fà bí ìgbín, ta ni ẹ̀rọ náà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́? Delegé ronú sí i, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Bí a bá fà, àbùkù ni. Bí a bá sáré, òkúta ni. Ó ṣe ohun tí ẹni tó wà ní ipò rẹ̀ máa ń ṣe: ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ fún ẹ̀kọ́ síwájú sí i. Ọkùnrin mẹ́rin ló tún gbé e. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ tẹ̀ lé e.

Bàbá Kékeré kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó di àpò rẹ̀, ó bèèrè lọ́wọ́ mi ọjọ́ tí ọkọ̀ lè wà. Mo sọ fún un ọjọ́ tí wọ́n sọ, mo sì sọ fún un iye ìgbàgbọ́ tí mo ní nínú rẹ̀. Ìyá mi di ẹ̀wà fún un jẹ lọ́nà. Kò bá a ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ tó yẹ kó lọ, akọ̀wé yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Delegé ní kí ẹ wá, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rọ náà kò jí."

"Ẹ gbá a létí?"

"A gbá a. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì."

"Òsì nìkan ni," ni Bàbá Kékeré wí, ó sì gbé wáyà rẹ̀. Ó ní kí n ṣọ́ àpò náà, òun ń bọ̀ kíákíá.

Ìrọ̀lẹ́ ló tó dé. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún pè é, nítorí ẹ̀kọ́ náà kò tíì parí. Lọ́jọ́ kẹta kò dúró kí wọ́n pè é. Delegé fún un ní àga tirẹ̀ nínú ọ́fíìsì àti oyè kan ní Faransé tí mo túmọ̀ sí olùtọ́jú ẹ̀rọ ìgbìmọ̀. Ó ní wọ́n ń ṣe ìwádìí bí ọkọ̀ aláṣẹ ṣe lè sáré láìlu òkúta. Mo gba ẹ̀yìn ọ́fíìsì náà kọjá ní ọ̀sán kan, fèrèsé wà ní ṣíṣí. Mo gbọ́ ẹ̀rọ tó ń hu bí ó ṣe ń hu ní jíà kẹrin, mo gbọ́ "gbàgà", mo sì gbọ́ ohùn kan tó ń sọ ní èdè Ìdáàṣà pé, "Tún un jí, àbúrò, mo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n." Ohùn náà jọ ti Delegé. Ẹ̀yìn ògiri ni mo wà, nítorí náà mo fi í sílẹ̀ ní "jọ".

Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ibi tí èmi náà ń lọ. N kò mọ ohun tí ìgbìmọ̀ rí nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, n kò sì mọ bóyá ẹnikẹ́ni dé òpin ọ̀nà náà lẹ́yìn tí mo kúrò. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ tí mo ń lọ wọ ọkọ̀ ojú irin, mo gba orí àpáta ẹ̀yìn ilé wa kọjá, níbi tí ìyá mi ti máa ń sá nǹkan. Àpò onílà búlúù àti pupa náà wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ là á, wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ lórí àpáta, wọ́n fi òkúta mẹ́rin tẹ igun rẹ̀, ègé iṣu fún èlùbọ́ sì wà lórí rẹ̀, ó ń gbẹ.